Ariwo Tí Moubarakath Gbọ́ Láti Savalou

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ẹ ti yan ọ̀kan láàyò nínú àwọn ọmọ yín.

1. Memounatou ní ẹ̀rọ kan ní ìlú Koko, tó ń lọ àgbàdo àti iṣu gbígbẹ. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ilé rẹ̀ ti ń wá. Ọmọ méjì ló bí. Nabil lọ sí yunifásítì. Moubarakath, àbúrò rẹ̀ obìnrin, fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, ó lọ kọ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnì lọ́dọ̀ ọ̀gá Sanoussi ní Savalou.

Ìyá rẹ̀ figbe ta. "Obìnrin! Kí ojú rẹ máa dúdú bí ìdí ìkòkò?"

"Ìyá mi, mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnì ni."

2. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ọjọ́ ìgbòmìnira Moubarakath pé. Òbí ló máa ń bá ọmọ kúnlẹ̀ kí ọ̀gá tó gbàdúrà fún un. Memounatou kò lọ. Nabil ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìpúlọ́mà dé ni, ìyá rẹ̀ ń gba àlejò. Bilkissou, ìyàwó ọ̀gá, ló bá ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀.

Memounatou fa ẹ̀rọ rẹ̀ lé Nabil lọ́wọ́. "Ẹni tó mọ̀wé ni yóò máa tọ́jú rẹ̀."

3. Lọ́jọ́ kan, Moubarakath pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láti Savalou. Wọn ò tíì kíra tán tí Moubarakath fi tẹ́tí sí ohun kan.

"Ìyá mi, kí ló ń dún lẹ́yìn yín yẹn?"

"Ẹ̀rọ ni. Ṣé o ti gbàgbé ariwo rẹ̀?"

"Rárá o. Kọ́-kọ́-kọ́ tó wà lábẹ́ ariwo yẹn ni mò ń wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n pa á. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Memounatou bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà ẹ̀rọ! O jókòó sí Savalou, o ń yẹ aláìsàn Koko wò!" Ó yíjú sí Nabil. "Àbúrò rẹ ní kí a pa á."

Nabil wo ẹ̀rọ, ó wo ìyá rẹ̀. "Ẹ má dá a lóhùn, Màmá. Ó wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń dún."

Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, irin kan dá ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì lu, ó yọ síta. Epo ṣàn dé ẹnu ọ̀nà.

4. Lọ́jọ́ kejì, Moubarakath dé, ó tú ẹ́ńjìnì. Ó yọ irin pẹlẹbẹ kan tó tẹ̀ bí èékánná.

"Èyí ló gbó tán, òun ló ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Ká ní ẹ pa á lánàá ni, òun nìkan ni à bá pààrọ̀. Ẹ́ńjìnì ti kú báyìí."

Memounatou kọjú sí Nabil. "Ìwé ò sọ èyí?"

"Màmá, jógíráfì ni mo kà. Mi ò ṣí ìwé ẹ̀rọ yẹn rí. Inú yín dùn sí mi jù. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀."

Memounatou gba irin náà, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Báwo lo ṣe gbọ́ ọ láti Savalou?"

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ, Ìyá mi."

Ìlú Bantè ni àwọn obìnrin Koko ń gbé àgbàdo lọ fún lílọ̀ báyìí. Memounatou náà ń tò lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀yin òbí, kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ má lọ sí yunifásítì. Ìwé dára. Ṣùgbọ́n ẹ má fi dìpúlọ́mà ọmọ kan di etí yín sí ohun tí èkejì mọ̀. Ẹ̀kọ́ ọwọ́, ẹ̀kọ́ ni. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.