Gíríìsì Tí Dayọ̀ Fi Sí Bíréèkì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìdajì ìtàn yìí kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tún alùpùpù yín ṣe fúnra yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ mú ọgbọ́n inú rẹ̀ dání.

1

Lọ́dún 1986, ọmọ Iléṣà kan ń gbé ní Elekahia, ní Port Harcourt. Dayọ̀ lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe níléeṣẹ́ ìfọpo tó wà ní Alesa ni pé kó máa fi gíríìsì sí àwọn ẹ̀rọ, kí wọ́n má baà máa ké. Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ohunkóhun tó bá ń ké, ebi gíríìsì ló ń pa á."

Dayọ̀ nífẹ̀ẹ́ tíṣà kan tó ń jẹ́ Adéjùmọ̀kẹ́. Ọmọ náà wù ú débi pé kì í lè jẹun tán tó bá ti rántí rẹ̀. Àmọ́ Bàbá Adéyanjú tó bí i kò fẹ́ rí ẹni tó ń gun alùpùpù sójú. Ó ní eré àsápajúdé ni gbogbo wọn ń sá. Jùmọ̀kẹ́ bẹ̀bẹ̀ títí kó tó gbà pé kí Dayọ̀ wá bá wọn jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bàbá fẹ́ wo irú ẹni tó jẹ́ ni. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn ẹbí Dayọ̀ lè máa bọ̀ wá tọrọ ìyàwó. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

2

Lọ́sàn-án Sátidé, Dayọ̀ jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń pààrọ̀ bíréèkì ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. Ti iwájú ti bàjẹ́ láti ìgbà òjò, kò dá a lóhùn. Ó tú táyà, ó yọ awẹ́ bíréèkì méjèèjì tó ti jẹ tán, ó gbọn eruku inú ibẹ̀ dànù, ó fi tuntun sí i. Ká má parọ́, ó ṣe é dáadáa. Jùmọ̀kẹ́ tó gbé mọ́ínmọ́ín wá kí i ló ń na sípáná sí i.

Ibẹ̀ ni ì bá ti fi ọwọ́ mọ. Àmọ́ nígbà tó yí táyà tó sì tẹ bíréèkì wò, bíréèkì tuntun ké wíìn. Ni bùọ̀dá yín bá tún tú u, ó na ọwọ́ sí agolo gíríìsì.

"Dayọ̀, inú bíréèkì lo fẹ́ fi ìyẹn sí?"

"Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?"

"Ṣebí kó lè di táyà mú la ṣe fi síbẹ̀. Tó bá ń yọ̀, báwo ló ṣe máa dì í mú?"

"Tíṣà mi, ìwé ni kó o máa kọ́ wọn. Fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún mi."

Jùmọ̀kẹ́ gbé sípáná sílẹ̀. Dayọ̀ sì fi gíríìsì kun bíréèkì yẹn bí ìyá ṣe ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára. Kò ké mọ́ lóòótọ́. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

3

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Dayọ̀ wọ aṣọ funfun, ó gun alùpùpù, ó forí lé ilé àna. Lójú ọ̀nà, ó rí i pé bíréèkì ń yọ̀. Ó ní tuntun ni, ó máa mọ́ra tó bá yá. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ o.

Bàbá Adéyanjú jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ibiere, obìnrin Kalabari tó jẹ́ aládùúgbò wọn, ń gbé ọbẹ̀ ẹja sórí tábìlì. Dayọ̀ fẹ́ kí Bàbá rí i pé òun mọ máṣìn ún gùn, ó bá fi eré díẹ̀ wọlé, kó lè dúró gẹ́lẹ́ níwájú rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì. Kò dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Alùpùpù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ó gbé tábìlì, ó da ọbẹ̀ nù, ó wọ ilé adìyẹ lọ.

Nígbà tí adìyẹ fò tán, Dayọ̀ ló kù nílẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti kán. Ibiere tó ti sá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò ó dáadáa. "My brother," ó ní, "na fowl you come marry?"

Bàbá dìde, ojú rẹ̀ le. "Kí ló dé tí o ò dúró?"

Irọ́ wà lẹ́nu Dayọ̀ tó lè pa. Àmọ́ ó rí Jùmọ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sunkún. Ojú tì í gan-an. "Gíríìsì ni mo fi sí bíréèkì, sà. Jùmọ̀kẹ́ kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́."

Bàbá wo ilé adìyẹ, ó tún wo Dayọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n níkùn, àfi ìgbà tó di igi máńgòrò mú. "Ìwọ yìí, o ò gbọ́n," ó ní, "àmọ́ o kì í ṣe òpùrọ́. Ta máṣìn yẹn kó o tó wá fẹ́ ọmọ mi. Ohun tó bá sì bá ọ sọ, kó o máa gbọ́."

Dayọ̀ ta alùpùpù tó fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ rà. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ sí Alesa títí. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi símẹ́ńtì dì nílé ìwòsàn kọ́rùn, ìyàwó sì ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo èèyàn lọ.

Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Ká ní ọmọdé ló wà níbi tí tábìlì yẹn wà ńkọ́? Ẹ̀yin ará mi, gíríìsì àti epo ò gbọdọ̀ kan ojú bíréèkì. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ kọ́kọ́ dán an wò jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yín. Bẹ́ni tó fẹ́ràn yín bá sì ní kẹ́ ẹ dúró ná, ẹ má bi í pé kí ló mọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.