Ilẹ̀kùn Ara Ògiri Tí Parthiv Kàn Pa

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí olúkúlùkù yín. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní ìtòsí mi, ìbẹ̀rù rẹ̀ kò sì tíì kúrò ní ọkàn mi. Ìtàn Parthiv ni, ọkùnrin tí ìgbéraga kò jẹ́ kí ó gba ìkìlọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Khijda Pol ni orúkọ àdúgbò wa, ní àárín ìlú àtijọ́ Ahmedabad. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo ni a ń gbà wọ inú rẹ̀, òpópónà rẹ̀ sì há débi pé bí màlúù bá ń bọ̀, ènìyàn ní láti fara mọ́ ògiri. Igi ni òpó ilé wa, igi ni àtẹ̀gùn, ilé méjì a sì máa jọ lo ògiri kan. Ní òkè ilé, àwọn baba ńlá wa dá ilẹ̀kùn kékeré sí ara ògiri náà, kí ará ilé kan lè sá bọ́ sí ilé kejì ní ọjọ́ ewu. A kì í ti ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ pa.

Parthiv di ayálégbé nínú ilé tí ó fara ti tiwa, òun àti Jalpa ìyàwó rẹ̀ àti Dhruvi ọmọbìnrin wọn kékeré. Inú ilé tuntun alájà púpọ̀ ní òdìkejì odò ni wọ́n ti wá. Ó dùn mọ́ ọn pé òun lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà, dé ibi iṣẹ́, àti dé ìsọ̀ onítíì. Ó fẹ́ràn òpó gbígbẹ́. Àwọn ènìyàn tí ń gbé láàárín òpó náà ni kò fẹ́ràn.

Ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Kashi, a máa gba ilẹ̀kùn ara ògiri gbé dhokla, oúnjẹ kan tí ó jọ mọ́ínmọ́ín, lọ fún Jalpa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá Parthiv níbẹ̀ pẹ̀lú òòlù.

"Parthiv ọmọ mi, kí lò ń kàn?"

"Ilẹ̀kùn yìí ni, Màmá. Ẹ máa ń já wọlé bí ológbò tó gbóòórùn mílíìkì."

"Ológbò wo ló gbé dhokla gbígbóná wá fún ẹ rí? O ò kọ dhokla mi o, ẹsẹ̀ mi lo kọ̀!"

"Mo fẹ́ máa rìn ní ìhòòhò nínú ilé tí mo háyà!"

"Rìn bó ṣe wù ẹ́, ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ igi ni àtẹ̀gùn ẹ. Bí iná bá mú un, ibo ni ìyàwó ẹ fẹ́ gbà?"

"Ẹ̀rù lẹ̀yin àgbà fi ń jẹ oúnjẹ àárọ̀, Màmá."

Ó kàn án pa. Ó tún ti kọ́bọ́ọ̀dù irin kan lé e. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bí ó tilẹ̀ gun igi. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti máa ń fi etí ti ògiri kí ó tó sùn, tí ó sì máa ń fi ìka kàn án. Jalpa a máa kàn án padà. Bí Jalpa bá pẹ́ dáhùn, èmi pàápàá a máa dìde wá fi etí ti ògiri.

Ọjọ́ Uttarayan dé, ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń gun òrùlé lọ ta káìtì, tí wọ́n sì ń du láti gé okùn káìtì ara wọn. Parthiv ń din àkàrà bhajia ní ìsàlẹ̀ ilé, ní ẹ̀bá àtẹ̀gùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ké sí i láti orí òrùlé tí ó dojú kọ ilé rẹ̀: "Parthiv, sáré! Wọ́n ti fẹ́ gé okùn wa!" Ó sáré lọ, ó fi òróró sílẹ̀ lórí iná. Jalpa àti Dhruvi wà ní òkè.

Èéfín ni a kọ́kọ́ rí. Nígbà tí Parthiv fi máa sọ̀kalẹ̀, iná ti gba ẹnu ọ̀nà, ó sì ti ń jẹ àtẹ̀gùn lọ sí òkè. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé. Ó já wọ ilé wa, ó gun òkè, ó fi èjìká lu ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Kò mì.

Láti ẹ̀yìn ògiri ni ohùn Jalpa ti wá. "Parthiv, mi ò lè ti kọ́bọ́ọ̀dù yìí! Wá yọ ìṣó ẹ!"

"Bàbá, ó ń gbóná," ni Dhruvi wí.

"Màmá, ẹ gbà mí!" ni Parthiv ké.

"Ẹ gbé àáké wá!" ni èsì ìyá mi.

Bí a ti ń la igi, bẹ́ẹ̀ ni ìkànkùn ẹ̀yìn ògiri ń rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn, ìdákẹ́jẹ́ náà bà mí lẹ́rù ju iná lọ. Nígbà tí ilẹ̀kùn fọ́, irin kọ́bọ́ọ̀dù ti gbóná janjan. Ọwọ́ lásán ni Parthiv fi tì í, awọ ọwọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kọ́bọ́ọ̀dù náà ṣubú. A fa ọmọ jáde, a fa ìyá rẹ̀ jáde, àwọn méjèèjì ti dákú. Ọkọ̀ kò lè wọ àdúgbò wa, nítorí náà orí ibùsùn ni a gbé wọn lé, a sì sáré gbé wọn jáde.

Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìka Parthiv kákò, kò lè di òòlù mú mọ́. Jalpa kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Nadiad. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó ti dáhùn: "O kàn án mọ́ mi nígbà kan. Èmi náà ti kàn án mọ́ ẹ."

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé ẹni tí ó gba ilé láàárín àwọn ènìyàn ti gba àwọn ènìyàn náà mọ́ ilé. Kí a má ṣe fi ìkìlọ̀ àgbà ṣe ẹ̀fẹ̀, kí a má sì dí ọ̀nà tí aládùúgbò lè gbà ràn wá lọ́wọ́, nítorí a kò mọ ọjọ́ tí a ó kànkùn láti inú.

Ní báyìí, Parthiv ń bẹ̀ wá pé kí a fún òun ní yàrá kan nínú ilé wa. Ìyá mi ti gbà. Ẹ̀rù ń ba èmi, kí ìgbéraga rẹ̀ má baà fa ewu wọ ilé tiwa náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn ohun tí ó yẹ kí n ṣe.