Iná Bíréèkì Ọkọ̀ Albert

Iná bíréèkì ọkọ̀ Albert kì í tàn, òun fúnra rẹ̀ ló sì já wáyà rẹ̀. Lọ́dún 1975, nígbà tí owó epo ń pa àwọn ọmọkùnrin Èkó bí ọtí, títì tuntun tó gba ẹ̀yìn àwọn iléeṣẹ́ Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ọkọ̀ sáré ìje lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí àwọn lọ́rì bá sinmi. Albert kò fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ ibi tí òun ti ń tẹ bíréèkì. Ọgbọ́n àgbọ́njù! Lóṣù kẹta ọdún náà, ó tẹ̀ ẹ́ lójijì bó ṣe kù díẹ̀ kó dé kọ́nà. Gàfárù mẹkáníìkì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rí iná kankan. Ó yà fún un, ó lọ kọlu ògiri. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti sin ín.

Ẹgbẹ́ àwọn asáré-ọkọ̀ ní kí Albert lọ jókòó sílé. Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù, sọ ojú abẹ níkòó: àfi bí opó Gàfárù bá fọwọ́ sí i, Albert kò ní bá àwọn sáré mọ́ láéláé.

Ìsíátù lorúkọ opó náà, Ìyá Ajíbọ́lá ni wọ́n ń pè é ní Mafoluku. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ṣe ẹsẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Bí Gàfárù bá wà lábẹ́ ọkọ̀, tó ń tú nọ́ọ̀tì kékeré ìdí táyà kí afẹ́fẹ́ inú òróró bíréèkì lè jáde, ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó sídìí pẹ́dàlì.

"Tẹ̀ ẹ́! Mú un dání! Ó tó, fi í sílẹ̀!"

Albert mú ìyá rẹ̀ dání, wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó níyì, kúnlẹ̀ gbọnrangandan lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ìyá Ajíbọ́lá, ẹ bá mi forí jì í. Ìwà ọmọdé ni."

Ìsíátù fa màmá dìde.

"Màmá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi mọ́. Mi ò bá a jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kó fi iná bíréèkì sọ́kọ̀ yẹn, iná tó ń ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì kú lẹ́yìn rẹ̀."

Albert bú sẹ́kún. Ta ni kò ní sunkún? Irú obìnrin báyìí ṣọ̀wọ́n.

Rùfáì, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Òṣòdì, ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Ìsíátù fúnra rẹ̀ wá wò ó.

"Orí páìpù òróró ni mo fẹ́ gbé súwíìṣì sí," Rùfáì wí. "Bí òróró bá ti tì í, iná á tàn."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ìdí pẹ́dàlì ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Kó máa tàn nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ wo ìyàwó mẹkáníìkì!" Rùfáì rẹ́rìn-ín, ó ṣe é bó ṣe wí. "Ó kù kí ni?"

"Gílóòbù ńlá ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ṣé èèyàn á lè rí i lókèèrè?"

"Ẹni tó bá wà ní Okota á rí i!"

Lọ́jọ́ ìje, gbogbo wọn ti pé sójú títì kí Ìyá Albert tó mú ọ̀rọ̀ kan wá. Ó ní nílé àwọn, ẹni tí a ṣẹ̀ ló máa ń bu omi tútù sẹ́sẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, kí ìrìn rẹ̀ lè tutù. Táyà sì lẹsẹ̀ ọkọ̀.

"Ẹ bá mi bu omi sí i, Ìyá Ajíbọ́lá. A kì í wo ẹni tó bá ń ṣe é o. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ kọ̀yìn síbẹ̀!"

Wọ́n kọ̀yìn. Ìsíátù gbé korobá omi, ó kúnlẹ̀ nídìí táyà kọ̀ọ̀kan, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Àdúrà náà pẹ́. Nígbà tó dìde, abẹ́ ọkọ̀ ti tutù rinrin, nǹkan ṣì ń kán tó, tó, tó nídìí táyà. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Omi àdúrà ni.

Albert wọnú ọkọ̀, ó tẹ bíréèkì. Ọládòṣù dúró lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ó tàn! Ó tàn yòò!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Albert yọrí lójú fèrèsé. "Ìyá Ajíbọ́lá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ibo lẹ máa dúró sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ kọ́nà ni. Ibẹ̀ ni mo ti máa rí iná yín dáadáa."

Ọkọ̀ mẹ́ta gbéra, Albert ló ṣíwájú. Nígbà àkọ́kọ́ tó dé kọ́nà, iná tàn, ọkọ̀ dẹwọ́, ó yà, inú gbogbo ayé dùn. Nígbà tó yí po dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, iná tàn, ọkọ̀ ò dẹwọ́. Iná kú, ó tún tàn, ó tún kú, ó tún tàn, léraléra. Eré tí ọkọ̀ ń sá kò dín rárá. Ògiri ilé ìkẹ́rùsí ló dá a dúró.

"Yéè! Albert! Mo gbé!" Ìyá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀.

Rùfáì káwọ́ lérí. "Ó tẹ bíréèkì! Iná tàn, gbogbo yín rí i! Iṣẹ́ mi ò yẹ̀!"

"Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi," Ọládòṣù wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ni gbogbo wọn bá sáré lọ sídìí ọkọ̀ tó rún wómúwómú náà.

Ìsíátù nìkan ni kò sáré: ó yọ sípánà kékeré tó fi tú nọ́ọ̀tì ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó ń gbàdúrà, ó nu òróró bíréèkì ara rẹ̀ mọ́ koríko, ó sì rọra wí fún ọkọ rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ pé, "Ẹ̀ẹ̀méje ni mo kà, Bàbá Ajíbọ́lá, ẹ̀ẹ̀méje ló tẹ̀ ẹ́, ó mọ̀ pé òun ń kú lọ."