Etíkun Tí Khải Mú

Etíkun méjì ni wọ́n ní kí Ngân mú ọ̀kan nínú wọn, ẹnikẹ́ni kò sì bi í bóyá ó fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó rárá.

Ẹ̀yìn ìṣọ̀ ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, láàárín àwọn ìkòkò omi ẹja oníyọ̀. Màmá Ngân àti Màmá Khải ti jọ ń tà á ní Đà Nẵng láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ò tíì rìn. Kí ìṣọ̀ náà má baà pín sí méjì ni wọ́n ṣe so àwọn ọmọ méjèèjì pọ̀. Wọ́n ti gbé àwo pupa ìdána wá. Ìparí oṣù ni ìgbéyàwó.

Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Sài Gòn ti gba Ngân wọlé. Nígbà tó sọ ọ́ nílé, ìyá rẹ̀ ò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Tó o bá kọ ọmọ yẹn, má pè mí ní ìyá mọ́." Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu Ngân.

"Mỹ Khê ni ká lọ," Màmá Ngân sọ. "Iyanrìn ibẹ̀ funfun."

"Iyanrìn wo? Òyìnbó oníhòòhò ló kún ibẹ̀!" Màmá Khải pàtẹ́wọ́. "Àárín ìdí òyìnbó nìyàwó wa ó ti ya fọ́tò?"

"Non Nước ńkọ́?"

"Ó jìnnà. Àtíkè á ti yọ́ lójú ẹ̀ ká tó débẹ̀. Ngân, ìwọ ńkọ́?"

"Èyí tó bá wù yín, mà."

"Ẹ wo ọmọ gidi!"

Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò. Màmá Ngân bèèrè Toàn, aládùúgbò wọn.

"Toàn ò lè wá. Ó ṣì ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í yọjú síbi ìgbéyàwó, títí kan tiẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ nígbà yẹn ńkọ́?"

"Ó ti bá tiẹ̀ lọ. Ta ló máa dúró fún ọdún mẹ́ta?"

Khải ò bá wọn dá sí i. Ìrẹsì ló ń jẹ. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ohun tí ìyá rẹ̀ bá ní kó ṣe, á ní ó dáa, mà. Ngân wò ó, inú bí i. Ó dà bí ẹni pé ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ so òun náà mọ́.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́ o," Màmá Khải bú u. "Sọ̀rọ̀, ọkọ ìyàwó!"

Fóònù Khải dún. Bảy ni, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń pẹja ní Mân Thái. Khải jáde lọ gbé e; Ngân gbọ́ tó ń bèèrè pé, "Ọ̀la ni omi máa gbé e dé?" Nígbà tó padà, ó jókòó, ó nu ẹnu.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí Mân Thái."

Igi tí wọ́n fi ń jẹun dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn.

"Mân Thái kẹ̀! Ibi tí wọ́n ti ń sá ẹja?"

"Àwọn ọkọ̀ ojú omi ibẹ̀ tí wọ́n hun bí apẹ̀rẹ̀ á dára lẹ́yìn fọ́tò, mà. Àmọ́ ká débẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Lọ́la."

"Lọ́la? Kí ló ń lé ẹ?" Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Yéè, ara ti ń yá ọmọ mi o!"

Ngân kó àwo lọ síbi omi. Khải tẹ̀lé e, ó gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo ni ti Sài Gòn yẹn ń bẹ̀rẹ̀?"

"Oṣù tó ń bọ̀. Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

"Mo kàn ní kí n mọ̀ ni."

Ngân kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ti yé e: Khải fẹ́ mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ náà máa tì mọ́ òun pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àárín ìyá méjèèjì ni wọ́n fi Ngân sí nínú ọkọ̀. Aṣọ ìyàwó gígùn pupa tí wọ́n wọ̀ fún un fún un láyà débi pé kò lè mí dáadáa.

"Ẹ bá mi wo ọmọ yìí," Màmá Khải ń sọ fún onífọ́tò. "Aṣọ funfun ló lọ rà lánàá. Ó ní òun ó máa fi nu òógùn, kí kọ́ọ̀tù má baà bàjẹ́. Funfun tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀, lóṣù ìgbéyàwó!"

"Mi ò ronú débẹ̀, mà," Khải sọ.

Nígbà tí wọ́n dé Mân Thái, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Bảy wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó káwọ́ gbera; ó kí wọn, ó fojú tọ́ka etí omi fún Khải. Màmá Ngân di ọmọ rẹ̀ lápá mú. Khải ti ń lọ níwájú, kò wo ìyàwó, kò wo onífọ́tò.

"Ọkọ ìyàwó, ẹ padà wá!" onífọ́tò kígbe.

Eré ni Khải fi dá a lóhùn. Nǹkan dúdú kan wà létí omi lọ́hùn-ún. Ngân rò pé ọkọ̀ tó dojú dé ni. Ìyá Khải ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

"Yéè! Bàbá! Bàbá Òkun!"

Òkú àbùùbùtán ni. Kò sí apẹja etíkun yẹn tó ń pè é ní ẹja. Bàbá ni, òun ló ń gbé àwọn tí ìjì bá dé bá wá sílẹ̀. Tó bá kú wá sétí omi, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àkọ́bí rẹ̀. Òun ni yóò sin ín, tí yóò sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta bí ẹni tí bàbá tó bí i kú. Ọ̀fọ̀ tí Toàn ń ṣe nìyẹn.

"Onífọ́tò!" Màmá Khải fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ìwọ lo kọ́kọ́ débẹ̀, àbí?"

"Mà, ẹ̀yìn ni mo kọ sí òkun."

"Ọdún mẹ́ta!" Màmá Ngân sọ. "A ti ṣe ìdána tán o!"

"Ẹ pa ohùn yín mọ́lẹ̀," Màmá Khải bẹ̀ ẹ́. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Inú òkun yìí la ti ń jẹ. Ta ló tó bá Bàbá du ọmọ?" Màmá Ngân wo òkú náà, ó wo òkun, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ lápá ọmọ rẹ̀.

Khải kúnlẹ̀ sínú omi, ó forí balẹ̀, ó wá fa aṣọ funfun àná yọ nínú àpò kọ́ọ̀tù ìgbéyàwó, èyí tó ti gé, tó sì ti rán ní ìwọ̀n orí rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó dè é mọ́rí, ó yíjú sí Ngân, ó ní, "Oṣù tó ń bọ̀ lo wí, àbí?"