Àgbò Tó Détí Ayé

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà. Ìdí èèkàn ló ti gbéra.

Láti kékeré ni wọ́n ti so Àgbò mọ́ èèkàn. Ó yí i ká títí, ó ní, "Ayé rí roboto, etí rẹ̀ a sì máa fún ni lọ́rùn." Adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri a bá a gbè é:

Mo détí ayé rí o,
Má kọjá!
Ó fún mi lọ́rùn o,
Má kọjá!

Ẹni tó ni ín re àjò, kò tètè dé. Àgbò jẹ koríko ibẹ̀ tán. Òjò jẹ okùn, ó já.

Adìẹ ké láti inú koríko tútù: "Bàbá, okùn ti já! Ẹ máa bọ̀ níbí."

Àgbò rìn dé ibi tí okùn ti máa ń dá a padà, ó dúró. "Ọmọdé ò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo détí ayé rí."

Ibẹ̀ ni ebi pa á sí. Èémí ìkẹyìn tó jáde nímú rẹ̀ fẹ́ koríko tútù náà lẹ́lẹ́.