Aṣọ Òkú Ìyá Sódìq

Ẹ má bi mí o. Ẹni tó ń wẹ òkú kì í sọ ohun tó rí lára òkú.

Èmi Àlàájà Bùrẹ́ímọ̀ ni mo máa ń wẹ òkú obìnrin ní Lotto, ní Mowe níbí.

Ìyá Sódìq ló wà níwájú mi. Ó sùn lálẹ́ àná, kò jí.

A gbọ́dọ̀ sin ín kí ìrun Alásárì tó tó, Sódìq ọmọ rẹ̀ ti sáré lọ ra aṣọ funfun ní Ìbafo.

Nusaybah, ìyàwó Sódìq, ń fi ọwọ́ òsì bu omi fún mi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló da omi gbígbóná sí i. Sódìq ló di ọwọ́ náà mú fún ìyá rẹ̀.

Sódìq dé, ó ń mí hẹlẹ. A ti fi aṣọ funfun di ìyá rẹ̀ tán.

"Àlàájà, níbo lẹ ti rí aṣọ?"

"Mo ní in nílé."

Ló bá bú sẹ́kún. "Ìyá mi ga ju gbogbo obìnrin àdúgbò yìí lọ, aṣọ yìí sì bá wọn mu gẹ́lẹ́! Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

"Àmín."

Sódìq jáde.

Jímọ̀ tó kọjá ni mo fojú wọn gíga ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń bú Nusaybah lójúde. Mo délé, mo gé aṣọ.

Àná ni mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún un. Ó ní ó dùn.

Nusaybah gbé aṣọ tí ọkọ rẹ̀ rà. "Àlàájà, kí la máa fi èyí ṣe?"

Mo wo Sódìq lójú fèrèsé, láti orí dé ẹsẹ̀.

"Tọ́jú ẹ̀. Òun ò ga."