Nọ́ńbà Mọ́kànlá fún Asà Kan

Obìnrin tó ń wá àmì ní tábìlì kejì ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí síta, ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Awárí ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì náà. Ẹni tó jókòó sí tábìlì kìíní ni wọ́n ń pè ní Onínọ́ńbà. Ọdún méjìlá ni àwọn méjèèjì fi jọ ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kí àmì òwò kan jẹ́ ti òun nìkan yóò mú àwòrán rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì yìí. Onínọ́ńbà yóò wo àwòrán náà, yóò sì fún ohun kọ̀ọ̀kan tó bá rí nínú rẹ̀ ní nọ́ńbà. Asà ní tirẹ̀, adé ní tirẹ̀. Kìnnìún tó dìde dúró yàtọ̀ sí kìnnìún tó ń rìn. Awárí yóò wá fi àwọn nọ́ńbà náà wá inú kọ̀ǹpútà, bóyá ẹnìkan ti mú irú rẹ̀ wá ṣáájú. Tó bá rí i, wọn ò ní gba ti ẹni tó dé kẹ́yìn. Orúkọ ẹni tó ni àwòrán kì í dé tábìlì kìíní. Inú fáìlì mìíràn ló máa ń wà, kí ojúsàájú má bàa wọ iṣẹ́.

Ní oṣù Kejì, ẹ̀gbọ́n Onínọ́ńbà ọkùnrin mú bébà kan wá sí ilé rẹ̀. Àmì bàbá wọn ni: asà, idì nínú asà, adé lórí idì. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi yà á. Látìgbà tó ti kú, Màmá ń lù ú sára báàgì tó ń rán ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, ẹ̀gbọ́n sì ń lù ú sára bàtà ní ilé iṣẹ́ tuntun tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í sílẹ̀ lọ́fíìsì bí ohun ìní rẹ̀ rí.

"Bọ̀dá, ìyẹ́ òsì ti gùn."

"Ayàwòrán ló bá mi tún un ṣe. Ṣé o fẹ́ kí n gbé idì arọ lọ síwájú ọ̀gá yín ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìyẹ́ òsì idì bàbá wọn kúrú, gbogbo ilé ló sì ń fi í ṣe é ní yẹ̀yẹ́ nígbà tó wà láyé.

"Ta ló máa ni ín?"

"Ta ló tún kù? Ilé wa náà ni."

Òfin iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ má fọwọ́ kan fáìlì ẹbí rẹ̀. Onínọ́ńbà sọ fún ọ̀gá pé ti ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀, ọ̀gá gbé e fún akọ̀wé mìíràn, Onínọ́ńbà kò sì béèrè rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Kẹfà, ẹ̀gbọ́n tún wá. Kò jókòó.

"Àbúrò mi, mo gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ fi àmì Bàbá sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín."

"Ta ni?"

"Ṣé olè máa ń kọ orúkọ síwájú orí ni? Ohun tí mo mọ̀ ni pé tó bá rí i gbà, ọ̀bẹ ni Màmá máa fi ha á kúrò lára gbogbo báàgì tó ti rán. Ta ló máa wá rà á?"

"Mi ò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, Bọ̀dá. Iṣẹ́ mi nìkan ni mo lè ṣe."

"Iṣẹ́ ẹ náà ni mo ní kó o ṣe. Má ṣáà fojú fo nǹkan kan."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwòrán náà dé tábìlì kìíní. Asà, idì, adé. Onínọ́ńbà gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ìyẹ́ òsì kúrú.

"Awárí, wá wo nǹkan. Olè yìí ò tiẹ̀ tijú. Àṣìṣe bàbá mi gan-an ló jí!"

Awárí na ọrùn wò ó. "Ó jí idì arọ. Báwo ló ṣe fẹ́ fi í fò lọ?"

Onínọ́ńbà rántí òfin, ó sì rò ó wò. Fáìlì ẹbí ni òfin sọ. Ti àjèjì ni èyí.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í gbà ju nọ́ńbà márùn-ún lọ. Ó fún un ní mọ́kànlá. Ó ka etí asà tó nípọn, ó ka góńgó orí adé, ó ka èékánná idì, kò sì fi ihò tí eku lè gbà yọ sílẹ̀. Nígbà tí Awárí fi wọ́n wá inú kọ̀ǹpútà, àmì ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ yọjú. Wọn ò gba ti ẹni ẹ̀yìn.

"Ọ̀rọ̀ yẹn ti bùṣe," ni Onínọ́ńbà wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"O ṣé, ọmọ bàbá mi."

Nígbà tó lọ kí Màmá, ó bá awọ tuntun nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ká a jọ títí dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ta lẹ fẹ́ ránṣọ awọ fún, ọmọ ogun?"

"Fi mí sílẹ̀, jàre. Mo ń rà á sílẹ̀ ni. Ohun tí bàbá yín yà ò ní pẹ́ di tiwa lójú gbogbo ayé."

"Ó ti rí bẹ́ẹ̀ ná. Ẹ ṣáà máa rán báàgì yín."

Kò sọ ọ̀rọ̀ olè náà fún un, kí ọkàn arúgbó má bàa dàrú.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, Màmá na lẹ́tà kan tí òǹtẹ̀ ọ́fíìsì náà wà lára rẹ̀ sí i pé kó bá òun kà á, ó ní, "Má bínú pé o ò mọ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n ẹ tí mo kọ́kọ́ sọ fún láti oṣù Kìíní ló ní tí mo bá sọ fún ẹ, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ó dáa, kà á sókè, ṣé wọ́n ti fún mi ní àmì bàbá yín tí mo mú lọ bá wọn?"